Ẹ Gba Àwọn Oníṣọ́ọ̀bù Kéékèèké Lọ́wọ́ Gbájúẹ̀ Owó Réètì

Lẹ́tà ṣíṣí sí Mínísítà tó ń mójú tó ìjọba ìbílẹ̀ ní England, àti sí àwọn aláṣẹ HMRC, ilé iṣẹ́ owó-orí ìjọba

Ọlọ́lá jù lọ,

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mò ń ṣe ní gúúsù London. Àwọn tí mò ń bá tọ́jú ìwé owó wọn ni àwọn tó ń ta iṣu, èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ ní Rye Lane ní Peckham, àwọn onídìrí ní Old Kent Road, àwọn télọ̀ àti àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Deptford àti Woolwich. Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, nítorí mo fẹ́ kí àwọn tí mò ń gbẹnu sọ fún ka ohun tí mo sọ nípa wọn, kí wọ́n sì lè bá mi wí bí mo bá fi ohun kan sílẹ̀. Ọ́fíìsì yín kò ṣaláìní ògbufọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó réètì ló gbé mi dé iwájú yín, ìyẹn owó-orí tí ìjọba ń gbà lórí ilé tí a fi ń ṣòwò. N kò wá ráhùn pé ó pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pọ̀. Àwọn tó fi owó náà ṣe ìjẹ ni mo wá fẹjọ́ wọn sùn, àwọn tó ń pe oníṣọ́ọ̀bù lórí fóònù lójoojúmọ́ pé àwọn yóò bá a dín réètì rẹ̀ kù.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Ọwọ́ ti dí ní ṣọ́ọ̀bù. Oníbàárà kan dúró níwájú, ó ní kí wọ́n gé iṣu kí òun rí inú rẹ̀. Ẹlòmíràn ń béèrè iye báàgì èlùbọ́. Fóònù dún. Ohùn kan tó tutù, tó dún bí ohùn òṣìṣẹ́ ìjọba, ní òun ń pè nípa réètì ṣọ́ọ̀bù náà. Ó dárúkọ òpópónà, ó dárúkọ nọ́ḿbà ilé, lẹ́yìn náà ó ka iye tí ìjọba dá lé ṣọ́ọ̀bù, èyí tí ìwé ìjọba ń pè ní rateable value, kò sì ṣi pọ́n-ùn kan ṣoṣo. Ó ní owó tí ẹ ń san ti pọ̀ jù. Ó ní ọjọ́ tó yẹ kí ẹ fi gba ẹ̀tọ́ yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá. Kò sọ pé káńsù ló rán òun, ṣùgbọ́n bí a kò bá bi í, kò ní sọ pé káńsù kọ́ ló rán òun. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń purọ́ rẹ̀ gbangba, wọ́n á ní Valuation Office ni àwọn ti ń pè, ilé iṣẹ́ ìjọba lábẹ́ HMRC tó ń díyelé ṣọ́ọ̀bù. Ilé iṣẹ́ yẹn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láti tún iye ṣọ́ọ̀bù yẹ̀ wò.

Bí wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà, a kì í já fóònù mọ́ ẹni tó ń fi ọ̀wọ̀ bá ni sọ̀rọ̀ létí. Ẹni tó sì ti òkèèrè wá tẹ̀dó sí ìlú yìí máa ń gba ọ̀rọ̀ ìjọba sí pàtàkì ju ọmọ onílẹ̀ lọ, torí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ pé lẹ́tà ìjọba tí a kò dáhùn lè ba ayé ẹni jẹ́. Àwọn tó ń pè mọ èyí. Mo ti gbé fóònù rí ní ṣọ́ọ̀bù oníbàárà mi kan, ẹni tó wà lórí ìlà kí mi ní Yorùbá, ó pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ṣọ́ọ̀bù náà. Inú bí mi ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ síhìn-ín lọ.

Iye tí wọ́n ń kà yẹn ló ń múni gbà wọ́n gbọ́, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àṣírí rárá. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà ní England àti Wales ló ní àkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ Valuation Office, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní íntánẹ́ẹ̀tì lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, bí wọ́n ṣe wọn ilẹ̀ ibẹ̀ tún wà níbẹ̀. Láti ojú fèrèsé iwájú dé mítà 6.1 sínú ni Zone A, ibẹ̀ ló wọ́n jù, mítà 6.1 tó tẹ̀ lé e ni Zone B, ìdajì iye ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ń kà á sí. Zone C tó wà lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹni tó bá ń ka “Zone A” àti “Zone B” sí alápatà kan létí á dún bí ẹni tó gbé tépù wá wọn ṣọ́ọ̀bù náà fúnra rẹ̀. Orúkọ oníṣọ́ọ̀bù kò sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n ó wà lára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù, bí wọ́n bá sì ti sọ òwò náà di kọ́ńpìnnì, Companies House ti kọ orúkọ ọ̀gá ibẹ̀ síta. Ó dára pé àkọsílẹ̀ náà wà ní gbangba, kí olúkúlùkù lè fi réètì tirẹ̀ wé ti aládùúgbò rẹ̀. Ohun tó burú ni pé ẹ ṣe é ní gbangba, ẹ kò sì sọ fún oníṣọ́ọ̀bù pé gbangba ló wà.

Kí wá ni wọ́n ń tà fún wa? Ohun tí ìjọba ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Láti oṣù kẹrin ọdún 2017 ni ìdẹ̀kùn tí ẹ ń pè ní Small Business Rate Relief ti wà bó ṣe wà báyìí: ẹni tí ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí iye rẹ̀ kò sì ju £12,000 lọ, kò ní san réètì rárá. Láti £12,001 dé £15,000, ìdẹ̀kùn náà ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ £13,500, ìdajì ni yóò san. Káńsù ló ń fúnni. A ó kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù, a ó fi ránṣẹ́, ó parí. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò hàn yín. Ní ọdún ìnáwó 2025 sí 2026, pẹ́nsì 49.9 ni ṣọ́ọ̀bù kékeré san lórí pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan. Ṣọ́ọ̀bù tí iye rẹ̀ jẹ́ £11,500 ì bá san £5,738.50 ní ọdún yẹn kí a tó yọ ìdẹ̀kùn kankan. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá kọ fọ́ọ̀mù yẹn, owó náà di òfo. Bí ajẹ́ntì ló bá kọ ọ́ fún un, tó ní òun yóò gba ìdá 30 nínú 100 lórí ohun tí òun bá dín kù, £1,721.55 ló kó lọ yẹn. Bí àdéhùn bá sì ní lọ́dọọdún ni, lọ́dọọdún ni yóò máa kó o.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí onídìrí kan tí mo mọ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kéré, àga mẹ́ta ló wà níbẹ̀, iye rẹ̀ kò dé £12,000, òun nìkan ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ àbúrò rẹ̀ tó máa ń wá ràn án lọ́wọ́ lópin ọ̀sẹ̀. Ẹni tó gbé ṣọ́ọ̀bù náà fún un kò sọ fún un pé ìdẹ̀kùn wà. Bíìlì dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í san án lóṣooṣù. Ìgbà tí wọ́n pè é, ó rò pé Ọlọ́run ló gbọ́ àdúrà òun. Wọ́n fi ìwé kan ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, ó fi ìka buwọ́ lù ú níbi tí irun oníbàárà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ajẹ́ntì náà kọ fọ́ọ̀mù káńsù, káńsù dá owó tó ti san padà, inú rẹ̀ dùn. Lẹ́yìn náà ni ìwé owó ajẹ́ntì dé, ó ní kó san ìdá tirẹ̀ nínú èyí tí wọ́n dá padà, àti ìdá tirẹ̀ nínú ọdún tó ń bọ̀, àti èyí tó tẹ̀ lé e, títí dìgbà tí ìjọba yóò tún ṣọ́ọ̀bù díyelé.

Ó ní òun kò san. Ìgbà yẹn ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń pè é láàárọ̀, wọ́n ń pè é lọ́sàn-án, nọ́ḿbà ń yí padà, wọ́n ń dárúkọ ilé ẹjọ́ àti bailiff, àwọn tó ń wá kó ẹrù onígbèsè. Nọ́ḿbà tí wọ́n ń pè ni nọ́ḿbà tó kọ sára pátákó rẹ̀, èyí tí àwọn tó fẹ́ dìrí fún ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìbí fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ó wá di pé bí fóònù bá dún, àyà rẹ̀ á já, kò sì ní gbé e. Àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ síbòmíràn. Kò sí bí mo ṣe lè kọ àdánù yẹn sínú ìwé owó, torí ẹni tó pè tí a kò dá lóhùn kì í fi rìsíìtì sílẹ̀.

Mo ka ìwé àdéhùn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo wá ọ̀nà àbáyọ. Ibẹ̀ ni mo ti kan ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí. Ká ní obìnrin yìí jókòó sílé rẹ̀, tí ẹnì kan sì fi fóònù ta ẹ̀rọ ìfọlẹ̀ fún un, ìlànà Consumer Contracts Regulations ti ọdún 2013 fún un ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn rẹ̀ padà, kò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bó bá ti ṣí ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lówùúrọ̀, oníṣòwò ni òfin kà á sí, ọjọ́ 14 yẹn kò sì sí fún un. Kò ní wákàtí kan pàápàá. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán lórí fóònù tó láti di àdéhùn lórí rẹ̀. Òfin ọdún 2015 tó ń dáàbò bo aráàlú lọ́wọ́ àdéhùn tí kò tọ́, oníbàárà lásán ló wà fún, kò kàn án. Òótọ́ ni pé ìlànà kan wà láti ọdún 2008 tó ní kí oníṣòwò má fi ìpolówó irọ́ tan oníṣòwò ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ, òfin jìbìtì ọdún 2006 sì wà. Ṣùgbọ́n ajẹ́ntì tó kọ fọ́ọ̀mù gan-an, tó sì gba owó lórí rẹ̀, yóò ní òun kò lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì. Yóò ní iṣẹ́ òun ni òun ṣe. Ní ojú òfin yín, ó ṣeé ṣe kó jàre.

Ọlọ́lá, obìnrin tó ń dìrí fúnra rẹ̀ àti kọ́ńpìnnì tó ní lọ́yà mẹ́wàá kò dọ́gba, kò sì yẹ kí òfin máa ṣe bí ẹni pé wọ́n dọ́gba. Ìjọba yín sì mọ èyí, torí ẹ ti gbà á níbòmíràn. Nínú ọ̀rọ̀ iná mànàmáná àti gáàsì, Ofgem, àjọ tó ń ṣàkóso wọn, pàṣẹ ní ọdún 2022 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ iná má bá alágbàtà kankan ṣe lórí oníṣòwò kékeré àfi èyí tó bá ti wọ ètò tí wọ́n ti lè pè é lẹ́jọ́. Ní oṣù Kejìlá 2024, ẹ ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún òwò tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 50 láti gbé ẹjọ́ iná rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Energy Ombudsman. Nínú ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì, láti oṣù kìíní 2019 ni òfin ti kọ̀ fún àjèjì láti máa pe èèyàn lórí fóònù láìjẹ́ pé ẹni náà ló ní kó pe òun. Kí ló dé tí ohun tó tọ́ nínú iná àti owó ìfẹ̀yìntì kò fi tọ́ nínú réètì, tó jẹ́ owó ìjọba tààrà?

Ẹ kò sì lè sọ pé ẹ kò gbọ́. Ní oṣù keje ọdún 2023, ilé iṣẹ́ yín gbé ìwé síta lórí àwọn tó ń sá fún réètì, ọ̀rọ̀ àwọn ajẹ́ntì oníwàkiwà sì wà nínú ohun tí ẹ béèrè lọ́wọ́ aráàlú. Wọ́n dá yín lóhùn. Láti ìgbà yẹn, fóònù kò dákẹ́.

Kò sì ní dákẹ́, torí òfin tuntun ti mú kó di ọdún mẹ́ta mẹ́ta tí wọ́n á máa tún ṣọ́ọ̀bù díyelé. Ìdíyelé tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2026, iye tí ṣọ́ọ̀bù ì bá gbà ní owó ilé ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2024 ni wọ́n fi ṣe é. Ó dára kí iye máa bá àsìkò mu. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí iye bá yí padà ni àwọn oníjìbìtì ń rí ọ̀rọ̀ tuntun sọ. Ọjọ́ 31 oṣù kẹta 2026 ni gbèdéke tí ẹ fún ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n yẹ iye inú àkọsílẹ̀ 2023 wò. Gbèdéke náà jẹ́ òótọ́, wọ́n sì fi òótọ́ yẹn gbé irọ́ kalẹ̀: wọ́n sọ fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù pé bí ọjọ́ yẹn bá kọjá, wọn kò ní rí ìdẹ̀kùn kankan gbà mọ́ láéláé. Ìdẹ̀kùn oníṣòwò kékeré kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú ọjọ́ yẹn.

N kò ní gbogbo ajẹ́ntì réètì ló burú. Àwọn tó wà lábẹ́ àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ náà, RICS àti IRRV, ní ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé, ẹni tó bá sì ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá tàbí ilé ìtura lè nílò wọn. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà yóò sọ fún ọ pé láti yẹ iye wò àti láti tako ó lọ́dọ̀ Valuation Office kò gba owó ìjọba kankan, pé iye náà lè lọ sókè dípò kó wálẹ̀, àti pé kò sí ẹni tó lè ṣèlérí àbájáde. Àwọn tó ń pè wá kì í sọ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí.

Ohun mìíràn tún wà tó jẹ́ ti Rye Lane gan-an. Suzanne Hall, ọ̀mọ̀wé ní London School of Economics, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí òpópónà yẹn, ó sì kọ nípa bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń pín ṣọ́ọ̀bù kan sí wẹ́wẹ́. Ẹni tó ń ta aṣọ wà níwájú, ẹni tó ń tún fóònù ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, onídìrí wà lẹ́yìn. Ta ló ń san réètì níbẹ̀? Nígbà mìíràn, ẹni tó gba gbogbo ilé ló ń san án. Nígbà mìíràn, wọ́n ti díyelé àyè kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹni tó ń san owó àyè rẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún onílé kékeré kì í sábà mọ̀. Bí àjèjì bá pè é pé ó jẹ réètì, kò ní ìwé kankan tó lè fi já a nírọ́. Àwọn wọ̀nyí ni mo ń bẹ̀rù fún jù.

Ohun tí mò ń béèrè kò pọ̀. Ẹ fún òwò tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò pé mẹ́wàá ní ọjọ́ 14 tí ẹ fún ẹni tó ra ẹ̀rọ ìfọlẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di òfin pé àdéhùn réètì tí wọn kò kọ sílẹ̀, tí wọn kò kọ àpapọ̀ iye rẹ̀ sójú ewé àkọ́kọ́, kò múlẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di èèwọ̀ fún ajẹ́ntì láti gba ìdá lórí ìdẹ̀kùn tí káńsù ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́; bí ó bá fẹ́ bá èèyàn kọ fọ́ọ̀mù, kó gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó máa lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣojú oníṣọ́ọ̀bù lọ́dọ̀ Valuation Office tàbí káńsù bí kò bá ní ìwé àṣẹ tí ẹ lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àmọ́ èyí tí mo gbà pé yóò ṣe iṣẹ́ jù ni pé kí ìdẹ̀kùn yẹn máa wọlé fúnra rẹ̀. Káńsù mọ iye ṣọ́ọ̀bù. Káńsù mọ ẹni tó ń fi bíìlì ránṣẹ́ sí. Ohun kan ṣoṣo tó kù tí kò mọ̀ ni bóyá ẹni náà ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn níbòmíràn. Ẹ fún un ní ìdẹ̀kùn náà láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì ní kó buwọ́ lù ú pé kò ní ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Bí ó bá purọ́, ẹ gba owó yín padà. Ọjọ́ tí ìdẹ̀kùn bá ń wọlé fúnra rẹ̀, ọjà àwọn tó ń tà á fún wa yóò kú.

Ní ti fóònù, òfin wà, àwọn tó yẹ kó mọ̀ ọ́n ni kò mọ̀. Ẹni tó ń dá òwò ṣe lórúkọ ara rẹ̀ lè forúkọ nọ́ḿbà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Telephone Preference Service. Ẹni tó bá ti sọ òwò rẹ̀ di kọ́ńpìnnì, Corporate TPS ni tirẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Lẹ́yìn ọjọ́ 28, ẹni tó bá pè láti polówó ọjà ti rú òfin àfi bí oní-nọ́ḿbà bá ti gbà á láyè, ẹni tó bá sì fi nọ́ḿbà rẹ̀ pamọ́ nígbà tó ń polówó ọjà ti rú òfin pẹ̀lú. Information Commissioner ló ń fìyà jẹ wọ́n. Tẹ́lẹ̀, ìtanràn rẹ̀ kò lè ju £500,000 lọ. Òfin tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2025 ṣí ọ̀nà fún un láti tó £17.5 mílíọ̀nù, tàbí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún kọ́ńpìnnì náà kárí ayé. Owó ńlá ni. Ẹ fún Information Commissioner ní òṣìṣẹ́ tó tó láti lè gbà á.

Ẹ̀yin ará mi tó ni ṣọ́ọ̀bù, ẹ jẹ́ kí n yà sọ́dọ̀ yín díẹ̀. Bí wọ́n bá pè yín, ẹ bi wọ́n ní orúkọ kọ́ńpìnnì wọn àti àdírẹ́sì rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́, kí ẹ sì gbé fóònù sílẹ̀. Kì í ṣe àìlọ́wọ̀. Ẹ má ṣe fi ìka tẹ ohunkóhun lórí fóònù lójú iṣẹ́. Nọ́ḿbà káńsù wà lórí bíìlì yín, ibẹ̀ ni kí ẹ pè. Bí ẹ bá sì ti buwọ́ lùwé ná, ẹ má ṣe tijú, ẹ má ṣe fi pa mọ́ fún ẹni tó ń bá yín ṣe ìwé owó. Ìtìjú yẹn ni wọ́n fi ń rí wa mú. Ẹ gbé ìwé náà jáde kí a jọ kà á.

Ọlọ́lá, oṣù kejì sí oṣù kẹta ni àwọn káńsù máa ń fi bíìlì réètì ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù. Òfin máa ń pẹ́ kó tó jáde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, mo mọ̀. Bíìlì kò nílò òfin tuntun. Kí wọ́n tó tẹ èyí tó ń bọ̀, ẹ pàṣẹ kí gbogbo káńsù kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́, ní lẹ́tà gàdàgbà, pé ìdẹ̀kùn oníṣòwò kékeré wà, pé ọ̀fẹ́ ni, pé iye ṣọ́ọ̀bù yín wà ní gbangba, pé káńsù kì í pe ẹnikẹ́ni láti gba owó kó lè dín réètì rẹ̀ kù. Ní àwọn àdúgbò bíi tiwa, kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀, mo yọ̀ǹda ara mi, n kò ní gba owó.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùṣírò owó kan ní Peckham